Kẹ́tùlù Màmá Mi àti Etí Iselin

Ajé, 8 oṣù kìíní

Iléèwé wọlé lónìí. Inú òkùnkùn ni mo rìn lọ, inú òkùnkùn náà ni mo rìn bọ̀. Yìnyín ti dì lójú ọ̀nà débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jókòó sílẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ìdí ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Lẹ́tà kan ń dúró dè mí lórí tábìlì. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ló ti wá, Herdis Aune ló fọwọ́ sí i. Ó ní àyẹ̀wò etí tí wọ́n ṣe fún Iselin nínú oṣù kọkànlá dára gan-an, máàkì méjìdínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà kò sí ìdí tó fi yẹ kó máa jókòó sí kíláàsì èdè ọwọ́ mọ́. Tó bá di oṣù kẹjọ, á lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ń fi etí gbọ́rọ̀, láìsí ẹni tí yóò máa fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ fún un. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta ni wọ́n máa fẹnu ọ̀rọ̀ jóná. Tí mo bá ní nǹkan láti sọ, kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ kí oṣù kejì tó parí.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé Iselin tèmi yìí náà ni? Iselin tí mo bá dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí mò ń pe orúkọ rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò ní yíjú? Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sí i lórí. Ti apá ọ̀tún ń gbìyànjú díẹ̀, ti apá òsì kò wúlò fún nǹkan kan. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń kọ́ ọ. Ó dáa, ó lè jẹ́ èmi ni mi ò mọ nǹkan kan.

Brage gba máàkì mọ́kànléláàádọ́rùn-ún níbi àyẹ̀wò kan náà. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ẹ̀rọ tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Tí mo bá bú sí èébú ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó máa ń gbọ́, á sì lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí péré ni kíláàsì mi.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù kìíní

Mo kọ èsì lẹ́tà, mo fà á ya. Mo kọ òmíràn, mo tún fà á ya. Ẹnu mi ti le jù, ẹnu yìí náà ló sì máa ń kó bá mi.

A ṣe eré kẹ́tùlù lónìí kí ara mi lè balẹ̀. Iselin jókòó, ó kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn, ó ń wo kẹ́tùlù màmá mi tó wà lórí tábìlì. Ìyá alásè yọ́ wọlé, lẹ́yìn náà Brage, lẹ́yìn náà ọ̀gá iléèwé tó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ pákó má baà mì. Ọmọ náà kò yíjú lẹ́ẹ̀kan. Ó kàn ń fọwọ́ pe orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń wọlé, kò sì ṣì í.

Adití ni màmá mi, adití ni bàbá mi. Inú kẹ́tùlù dídán yìí ni màmá mi ti máa ń rí mi tí mo bá pẹ́ níta tí mo sì fẹ́ yọ́ wọlé. Á ti máa fọwọ́ bá mi wí kó tó yíjú pàápàá. Èmi náà ni mo kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí: ẹni tí etí rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí nǹkan kan bọ́ lójú òun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún mi lórúkọ ọwọ́ tí mò ń jẹ́. Wọ́n á di ọwọ́ kan bí ẹni tó di kẹ́tùlù mú, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń da kọfí. Torgunn wà nínú ìwé ìjọba, ṣùgbọ́n Kẹ́tùlù ni orúkọ tí mo fẹ́ràn.

Ẹtì, 19 oṣù kìíní

Ìjì. Fẹ́rì kò rìn. Kò sí mílíìkì ní ṣọ́ọ̀bù, ẹyin mẹ́fà ti di ogójì kírónà, bíi pé ìjì náà ló yé e.

Ìṣẹ́gun, 23 oṣù kìíní

Mi ò lè gba máàkì yẹn gbọ́, mo bá ṣe àyẹ̀wò tèmi. Mo fi bébà bo ẹnu, mo dúró sẹ́yìn wọn, mo pe ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Brage kọ mẹ́rìnlá, ó sì ní èmi ni mi ò pe ìkẹẹ̀ẹ́dógún dáadáa.

Iselin kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo wò ó dáadáa, kò tiẹ̀ sí lára ohun tí mo pè. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀ ló kọ.

Báwo ló wá ṣe gba méjìdínláàádọ́rùn-ún?

Ẹtì, 26 oṣù kìíní

Oòrùn tí kò yọ sí wa láti oṣù kọkànlá padà lónìí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló yọjú láàárín òkè méjèèjì, ṣùgbọ́n gbogbo iléèwé tú síta, a jẹ bọ́ǹsì tí a fi ń kí oòrùn káàbọ̀ títí jáàmù fi kún irùngbọ̀n ọ̀gá wa. Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níbí kí n lè rántí pé inú mi dùn láàárọ̀ yìí.

Nígbà tí a padà wọlé, Brage lọ gbá bọ́ọ̀lù, ó ku èmi àti Iselin. Mo bi í bó ṣe ṣe àyẹ̀wò etí yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé kẹ́tùlù wá, ó ní kí n gbé ọwọ́ lé e kí n búra pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé eré ni. Mo búra. Àgbà tó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń búra lé lórí, ẹ wò mí lóòótọ́.

Ó ní, “Ọkùnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò yẹn ń wọ dígí ojú. Tó bá tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, iná kékeré kan máa ń tàn. Mò ń rí iná náà nínú dígí ojú rẹ̀. Tí mo bá ti rí i, mo ti fi igi tí wọ́n fún mi bọ ihò pákó nìyẹn, bíi pé mo gbọ́.”

Mo bi í nípa àwọn àwòrán tí wọ́n ní kó máa tọ́ka sí. Ó ní ìyẹn ló rọrùn jù. Tí ọkùnrin náà bá pe nǹkan, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ sá lọ síbi àwòrán nǹkan náà.

Ó wá gbé kẹ́tùlù sókè, ó ní, “Bíi ti èyí.” Ó ń retí kí n yìn ín.

Mi ò lè yìn ín. Ó rí i lójú mi, ojú tirẹ̀ náà yí padà. Ó ní kí n má sọ fún bàbá òun o. Ó ní bàbá òun ti lẹ ìwé máàkì náà mọ́ ara ògiri nínú ọkọ̀ ojú omi, níbi tó ti ń di ìtọ́kọ̀ mú, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń fi hàn. Ó tún ní lọ́jọ́ tí ìwé yẹn dé, bàbá òun gbé òun jó láti etíkun dé ilé.

Ìṣẹ́gun, 30 oṣù kìíní

Tí mo bá sọ, mo ti da ọmọ. Tí mi ò bá sọ, wọ́n á gbé e lọ jókòó sáàárín ọmọ mẹ́rìnlélógún tí kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan nínú wọn, fún ọdún púpọ̀. Èmi sì ni mo kọ́ ọ ní ọgbọ́n tó fi dé ibẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń yìn ín fún un.

Ẹtì, 2 oṣù kejì

Mo pe Herdis Aune lórí fóònù. Mo ní mo fẹ́ kí wọ́n tún àyẹ̀wò Iselin ṣe. Ó bi mí nídìí, mo ní ọkàn mi kò balẹ̀. Kò bínú, kò gbóhùn sókè, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ní àyẹ̀wò kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ọkùnrin kan náà ló ṣe ti Brage. “Kí ló dé tí ti Brage fi dáa lójú yín, tí ti Iselin kò dáa?” Ó ní ohun tí ẹnì kan bá gbà nínú ọmọ méjèèjì, òun fẹ́ kí ẹnì kejì náà gbà á, kí wọ́n má baà sọ pé òun ń ṣe ojúsàájú.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé òun mọ̀ pé iṣẹ́ mi á dín kù tí Iselin bá kúrò, pé ọ̀rọ̀ náà kò lè rọrùn fún mi. Mo ní ire o, mo sọ fóònù sílẹ̀. Orí mi gbóná. Ohun tó mú kó gbóná ni pé mo ti ṣírò bí iṣẹ́ náà á ṣe kù sí lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé, kí n tó ronú kan ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 6 oṣù kejì

Wọ́n mú Iselin lọ dán kíláàsì ńlá wò lónìí. Mo bẹ̀bẹ̀ kí n lè jókòó sẹ́yìn. Ohun tí mo rí nìyí: tí àwọn ọmọ bá rẹ́rìn-ín, á wo ojú wọn, á wá rẹ́rìn-ín tirẹ̀ nígbà tí tiwọn ti ń parí lọ. Tí wọ́n bá ṣí ìwé, á wo ojú ewé tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí. Olùkọ́ bi í ní ìbéèrè méjì, ó mi orí sí méjèèjì. Èkejì kì í ṣe ìbéèrè tí èèyàn ń mi orí sí. Orúkọ oúnjẹ tó fẹ́ràn ni wọ́n bi í.

Olùkọ́ náà, ọ̀dọ́mọdé tó mọ ìwà hù, sọ fún mi nígbà tí wọ́n jáde pé ọmọ dáadáa ni, pé kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu rárá.

Nígbà tí a padà sí yàrá wa, Iselin kò ṣí àpótí oúnjẹ rẹ̀. Ó tú apá ẹ̀rọ rẹ̀ tó wà níta kúrò lórí, ó dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sùn títí di agogo méjì. Brage fi jákẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ bò ó.

Àbámẹ́ta, 10 oṣù kejì

Mo lọ bá Jostein, bàbá Iselin, létí omi. Àkókò ẹja ńlá la wà yìí, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ló ń sùn nílé, màmá tirẹ̀ ló ń tọ́jú ọmọ. Ìyá Iselin ti kó lọ sí ìlú Tromsø láti ọdún mẹ́rin, òun nìkan ló gbọ́ èdè ọwọ́ nínú ẹbí náà, orí fóònù ló sì ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Jostein ń sọ ẹja sínú àpótí nígbà tí mo dé. Ó ní wọ́n ń ra kílò kan ní ogójì ó lé méjì, pé tí Ọlọ́run bá jẹ́ kí ojú ọjọ́ dúró báyìí, pánlá tí wọ́n máa gbé kọ́ lọ́dún yìí á bo gbogbo erékùṣù.

Mo mọ Jostein láti kékeré. Mo bi í bóyá Iselin ń gbọ́ ọ lóòótọ́ nílé. Ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò kó tó dá mi lóhùn.

“Àǹtí Torgunn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba èyí jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé kò ní gbọ́. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi retí ìwé yẹn. Mo ń sọ̀rọ̀ fún un, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Kí ni mo tún fẹ́?”

Ó mú mi wọ inú ọkọ̀ kí n lè wo ìwé náà. Ó ti fi ọ̀rá bò ó kí omi má baà bà á jẹ́. Mo kà á láti òkè délẹ̀. Ó fún mi ní ẹ̀dọ̀ ẹja àti ẹyin rẹ̀, mo sè é jẹ nílé, kò dùn lẹ́nu mi.

Ọjọ́rú, 14 oṣù kejì

Mo bẹ Iselin pé kó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní màá wà níbẹ̀, màá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó bi mí pé tí mo bá di ọwọ́ òun mú, kí ni òun máa fi sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n kò ṣe àwàdà.

Mo rán an létí kíláàsì ńlá. Mo bi í bó ṣe máa ṣe é lójoojúmọ́. Ó ní òun á máa wò wọ́n. Ó ní ojú òun dáa.

“Tí mo bá sọ fún un, á yọ ìwé yẹn kúrò.”

Mo ní kò ní yọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀, ó sì rí i pé mi ò mọ̀. Èmi náà ni mo kọ́ ọ láti máa wo ojú èèyàn.

Ìṣẹ́gun, 20 oṣù kejì

Ojú òkun funfun, ẹ̀fúùfù láti àríwá. Mi ò kúrò nílé láti ìgbà tí iléèwé ti tú.

Mo gbé ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ méjèèjì jáde kí n lè fi ti Iselin gbe ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Ojú tì mí. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń kọ nǹkan kan náà fún Iselin àti Brage, orúkọ òkè nìkan ni mò ń pààrọ̀. Èmi tí mò ń bú Herdis Aune pé ó fẹ́ fi ìwọ̀n kan rán aṣọ fún ọmọ méjì, èmi ni télọ̀ àkọ́kọ́. Ìka ọwọ́ kò dọ́gba, mo mọ òwe náà, ẹnu lásán ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Kí n kọ òótọ́ tó kù sílẹ̀ náà. Brage ti bẹ̀ mí láti ọdún tó kọjá pé òun fẹ́ wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú àwọn tí òun ń bá gbá bọ́ọ̀lù. Mò ń ní kó fara balẹ̀. Èmi tí etí mi dá ṣáṣá ni mi ò gbọ́ ohun tí ọmọ ń sọ. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn dà bíi màmá mi, kí yàrá náà máa rí bí ilé wa ṣe rí nígbà tí mo wà léwe.

Mo kọ ètò méjì tuntun. Ti Brage: kíláàsì ńlá láàárọ̀, kí olùkọ́ fi makirofóònù sọ́rùn, kó jókòó níwájú, kó sì ní yàrá tó dákẹ́ tó bá di ọ̀sán nítorí pé orí máa ń fọ́ ọ. Èdè ọwọ́ wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀, kó má baà gbàgbé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ti Iselin: èdè ọwọ́ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, nínú gbogbo iṣẹ́, kí ìwé kíkà máa ti inú rẹ̀ wá, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ pẹ̀lú. Ìṣírò nìkan ni wọ́n bára mu nínú rẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Lẹ́yìn náà mo kọ lẹ́tà sí Herdis Aune. Mo sọ nípa dígí ojú àti iná. Mo sọ nípa kẹ́tùlù. Mo ní kí wọ́n ta kọ́tìnì sáàárín ọmọ àti ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n tún un ṣe.

Ọjọ́rú, 21 oṣù kejì

Mo ti fi ránṣẹ́. Iselin mú àwòrán ẹja kan wá fún mi lónìí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 28 oṣù kejì

A ti dé láti ibi àyẹ̀wò Iselin. Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe lọ́kàn mi.

Fẹ́rì agogo mẹ́fà àárọ̀, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì wákàtí méjì. Jostein fi ọjọ́ ẹja kan sílẹ̀ láti bá wa lọ. Wọ́n kàn sọ fún un pé wọ́n fẹ́ tún àyẹ̀wò ṣe. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Iselin ń rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì, ó ń fi ìka ya àwòrán sára fèrèsé tí èémí rẹ̀ ti bò. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó mọ ọ̀nà àyẹ̀wò yẹn.

A wọlé. Kọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan wà láàárín yàrá, láti òkè dé ilẹ̀. Ọkùnrin onídígí ojú wà lẹ́yìn rẹ̀, a kò rí ju bàtà rẹ̀ lọ. Iselin dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo kọ́tìnì, ó wá yíjú wò mí.  Kò sí ohun tó kù tí kò yé e.

Wọ́n gbé pákó oníhò síwájú rẹ̀, ó mú igi kan dání. Èmi àti Jostein jókòó sẹ́yìn. Ìró bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ rọra dún bí ẹyẹ. Lẹ́yìn náà ó ròkè sí i, lẹ́yìn náà ó tún ròkè. Jostein ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ìró bá dún, igi náà á ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó ń fi orí júwe ihò bíi pé ọmọ á rí òun láti ẹ̀yìn. Ìró náà wá le débi pé èmi náà fẹ́ di etí. Iselin kàn ń wo kọ́tìnì. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ ṣùgbọ́n kò ṣẹ́jú, ó ṣì ń wá iná náà.

Jostein ní, “Ó ti tó.” Kò pariwo. Ó dìde, ó lọ gba igi náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e mọ́ra.

Máàkì mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún.

Iselin sùn nínú fẹ́rì. Jostein wá bá mi níta, níbi tí èmi nìkan dúró sí.

“Ẹ ti mọ̀ tipẹ́?”

Mo ní láti ọjọ́ tí oòrùn padà.

“Ẹ wá bá mi létí omi. Ẹ wo ìwé yẹn pẹ̀lú mi. Ẹ ò sọ.”

“Mo ti búra fún un.”

“Ẹ sì tún wá lọ sọ ọ́ ní ọ́fíìsì.” Ó yíjú sí mi. “Èwo lẹ ṣe dáadáa nínú méjèèjì?”

Mo ní mi ò tíì mọ̀. Òótọ́ ni. Ó wọlé lọ bá ọmọ rẹ̀.

Ẹtì, 1 oṣù kẹta

Iselin wá síléèwé. Ọwọ́ méjèèjì wà nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti agogo mẹ́jọ ààbọ̀ títí a fi jáde. Mo bi í ní nǹkan mẹ́wàá. Ó ń wo ẹsẹ̀ mi.

Ìṣẹ́gun, 5 oṣù kẹta

Ó ṣì wà nínú àpò. Ìbọ̀wọ́ onírun ló ń fi jẹun báyìí. Mo dé yàrá láàárọ̀, mo rí i pé ẹnì kan ti fi síwẹ́tà bo kẹ́tùlù màmá mi. Mi ò ṣí i.

Brage sọ fún mi pé Iselin ní irọ́ ni mo pa lórí kẹ́tùlù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá bi mí bóyá nítorí irọ́ náà ni wọ́n á ṣe gbà kí òun lọ sí kíláàsì ńlá.  Ó dì mọ́ mi kí n tó dáhùn.

Ẹtì, 15 oṣù kẹta

Wọ́n ti fẹnu ọ̀rọ̀ jóná. Herdis Aune pè mí fúnra rẹ̀. Iselin á wà ní èdè ọwọ́ títí á fi parí iléèwé wa, wọ́n sì máa sanwó kí bàbá rẹ̀ àti màmá àgbà lè kọ́ ọ. Brage á bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì ńlá lẹ́yìn Àjíǹde. Ètò méjèèjì tí mo kọ ni wọ́n gbà, wọn kò yọ ọ̀rọ̀ kan. Iṣẹ́ tèmi dín sí ìdajì àti díẹ̀. Ó ní òun kò rí irú ètò tó yàtọ̀ síra báyìí rí láti ọwọ́ mi. Mo ní èmi náà kò rí i rí.

Ohun tí mo fẹ́ ni mo rí gbà. Mo ra ọtí wáìnì kékeré kan, mo gbé e sórí tábìlì, mi ò ṣí i. Ọmọ náà kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rìndínlógún.

Ìṣẹ́gun, 19 oṣù kẹta

Jostein wá sí iléèwé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ, pẹ̀lú bàtà òjò àti aṣọ tó kún fún ìpẹ́ ẹja. Ó ní òun kò wá jà. Ó fẹ́ kí n kọ́ òun ní ohun kan tí òun fẹ́ sọ fún Iselin, ọwọ́ òun ni òun fẹ́ fi sọ ọ́, kì í ṣe ẹnu. Mo bi í pé kí ni.

“Kí n sọ fún un pé mi ò yọ ìwé yẹn. Ọmọ tó fi ojú lásán gba méjìdínláàádọ́rùn-ún lọ́wọ́ dókítà, ṣé ọmọ tí bàbá rẹ̀ á tijú rẹ̀ nìyẹn?”

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló gbà wá. Ìka rẹ̀ ti nípọn jù nítorí okùn àti omi tútù, wọn kò fẹ́ tẹ̀. Ó ń bú wọn bí ẹni ń bú ajá. Mo fi ọwọ́ mi to ọwọ́ rẹ̀ bí màmá mi ṣe máa ń to tèmi. Nígbà tó ṣe é délẹ̀ láìṣì í, ó gbé fìlà rẹ̀, kò dúpẹ́, ó sáré lọ kí ó má baà gbàgbé kó tó délé.

Ọjọ́rú, 20 oṣù kẹta

Ọwọ́ Iselin jáde nínú àpò. Brage ló bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ rẹ̀ fi tutù.

Ẹtì, 22 oṣù kẹta

Ọjọ́ tó kẹ́yìn kí a tó gba ìsinmi Àjíǹde. Oòrùn wà lórí tábìlì láti àárọ̀ báyìí. Ẹja ti ń lọ sílẹ̀, Jostein ní òun á fi ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀ fún èdè ọwọ́ títí ẹ̀kọ́ ìjọba á fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti to nǹkan tí mo fẹ́ kọ́ ọ sílẹ̀ sínú ìwé. Iselin gba ìwé náà lọ́wọ́ mi láìwò mí, ó pa á dé, ó tọ́ka sí àga kí bàbá rẹ̀ jókòó. Òun ni olùkọ́. Mo lọ dúró sídìí fèrèsé bí ẹni tó ní nǹkan tó ń ṣe níbẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Ó fi tirẹ̀ hàn án, ìka méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Bàbá náà ṣe é, ó gún ara rẹ̀ lójú, ọmọ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó fi ti Brage hàn án. Ó fi ti màmá àgbà hàn án. Ó tún kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ pákó tí a bá fẹ́ pe ẹni tó kẹ́yìn sí wa, kí ó lè gbọ́ ọ láti àtẹ́lẹsẹ̀.

Jostein wá tọ́ka sí mi. Ó fẹ́ mọ orúkọ mi. Inú dígí fèrèsé ni mo ti ń rí wọn, mi ò yíjú.  Mo ń retí kí Iselin di ọwọ́ bí ẹni tó di kẹ́tùlù mú.

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú ojú rẹ̀, ó fà wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ wá pàdé láàárín, bí ẹni ń pa kọ́tìnì dé. Lẹ́yìn náà ó tọ́ka sí mi.

Ojú bàbá rẹ̀ pọ́n. Ó wò mí, ó wo ọmọ, ó ń ronú bóyá kí òun ṣe é. Ọmọ náà lu tábìlì. Ó ní kó ṣe é. Ó ṣe é, ó tóbi jù bí ẹni ń fa àwọ̀n, ọmọ gba ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tún un ṣe, ó ní kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló rí i ṣe dáadáa. Nínú gbogbo ohun tó kọ́ lónìí, òun ló mọ̀ jù.

Mo mọ òfin àwa ilé adití. Èèyàn kì í yan orúkọ ara rẹ̀, kì í sì í kọ èyí tí wọ́n bá fún un.

Ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ẹ̀ẹ̀mejì. Mo yíjú. Bàtà Jostein ló lu pákó, Iselin dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbójú sókè, ó ń wo ojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ fẹ́rì. Àwọn méjèèjì gbé ọwọ́ sókè, wọ́n fa kọ́tìnì náà dé. Wọ́n ń pè mí.

Mo dá wọn lóhùn.